Ẹ̀ẹ̀mejì àti Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀ Tuntun

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkọ mi ní Ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì ń jẹ́ ẹ. Bó bá ti ilẹ̀kùn tán, yóò rìn dé ẹnu géètì, yóò tún padà wá mì í wò. Bó bá pa iná ìdáná, yóò tún na ọwọ́ sí i kó tó lọ sùn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ mi, ó ní òun gbà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní òun gbà. Ilé ìjọsìn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé ojora ló ń mú un, mo sì rò ó pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù báyìí kò ní fi mí ṣeré.

Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn eléyín, kò ní fèrèsé, àfi ihò kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí pẹ̀lú iná kékeré, ìda pupa, àti ẹfun pípò tí wọ́n fi ń mú àwòrán ẹnu ènìyàn. Á gbẹ́ eyín, á fi bébà aláró wo ibi tó ga, á tún fá a. Ó máa ń sọ pé bí eyín bá fi ìwọ̀n irun orí kan ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ni ín kò ní lè jẹun, kò ní lè sùn, á sì máa kanra mọ́ ìyàwó rẹ̀ láìmọ ìdí. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yẹ gbogbo eyín wò. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹni tó bá ń yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mẹta, wèrè ló ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ yẹn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ìjókòó ojoojúmọ́ yẹn ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní kó wá nǹkan tí yóò máa gbé e dìde. Èmi rò pé yóò máa rìn káàkiri àdúgbò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kàkà bẹ́ẹ̀, ó lọ ra kẹ̀kẹ́ òkè. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń lọ ra búrẹ́dì o. Ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú, ó tún ní òmíràn lábẹ́ ìjókòó. Bí ẹ bá gùn ún, á kọ́kọ́ rì díẹ̀ bí àga onífóòmù, á tún gbé yín sókè. Táyà rẹ̀ ní eyín gbàǹgbà gbàǹgbà bí ẹnu ọ̀nì. Òkè kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ó máa ń fi mọ́tò gbé kẹ̀kẹ́ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, á gba ojú ọ̀nà àwọn onígẹdú gùn ún lọ sókè, á wá gba ipa ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín gbòǹgbò àti àpáta.

Mo bi í nígbà kan pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù iná ìdáná, kí lẹ ń wá lórí àpáta?"

"Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù ti ń bà mí tí mo sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ti parí nìyẹn. Ti ilé kì í parí."

Èmi tí mo ń gbàdúrà láràárọ̀ pé kí Ọlọ́run mú ẹ̀rù kúrò nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló wá ń bá a mú un kúrò.

Ní ọdún tó kọjá, ó ṣubú. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà méjèèjì ló tóbi nígbà yẹn, ọkọ mi kò sì ga. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́, ó yẹ kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kọjá ìjókòó kí kẹ̀kẹ́ má baà dojú dé. Bó ṣe ti ìdí sẹ́yìn ni táyà ẹ̀yìn gbá a mú ní ṣòkòtò, ó sì gbé e sọ sórí òkúta. Eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Ó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn fún ìgbà pípẹ́, ẹlòmíràn ló ń bá a fá eyín níbi iṣẹ́, ó sì ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́yìn onítọ̀hún, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń lọ, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni, ó ga bí òpó iná. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ó wá kí wa nígbà tí ọwọ́ náà ń san, àwọn méjèèjì sì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń jiyàn lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń jiyàn lórí ìyàwó.

"Ẹsẹ̀ ńlá ni baba," Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní. "Òkúta tó yẹ kó gbé ọ ṣubú, á kàn gun orí rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀."

"Ìwọ lo lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tìrẹ jìnnà sílẹ̀. Tèmi ni táyà ń fọwọ́ gbá."

"Bóyá ó fẹ́ràn rẹ ni."

"Ó fẹ́ràn mi títí ó fi ṣẹ́ mi léegun."

"Ó dáa, fi kékeré sí i níwájú àti lẹ́yìn, kó máa yí kiri bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ihò tó bá kó sí, ìwọ náà bá a kó sí i nìyẹn."

Ọkọ mi ní òun ti ro ó. Ńlá ni yóò wà níwájú kó lè máa gun òkúta, kékeré ni yóò wà lẹ́yìn kí ìdí òun lè ráyè. Irin pélébé kan wà nídìí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí èèyàn máa yí kí kẹ̀kẹ́ má baà rẹlẹ̀ jù, òun sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí i.

"Á dà bí ehoro tó ń fi ẹ̀yìn rìn," Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní.

"Ehoro náà á gbé mi délé."

Wọ́n tún jà lórí ríìmù. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ fẹ́ kó ra oníkábọ̀ọ̀nù, ó ní ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó sì le. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní bí kábọ̀ọ̀nù bá fẹ́ bàjẹ́, ó lè là níbi tí ojú kò tó, kó má sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù á kọ́kọ́ tẹ̀, á sì hàn. "Mo fẹ́ nǹkan tó máa kìlọ̀ fún mi kó tó kú," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ra ẹsẹ̀ méjì tuntun, ńlá kan, kékeré kan, aláwọ̀ dúdú, sípóòkì wọn ń tàn yinrin. Ní àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó kún fún ihò, òun ni bíréèkì máa ń fún mú tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi ń dúró. Gbogbo ilé mọ òfin àwo yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Ìka ọwọ́ pàápàá ní ọ̀rá lára," ó máa ń sọ. "Bí ọ̀rá bá dé ara àwo yìí, bíréèkì á máa ké, kò sì ní mú." Aṣọ funfun kan wà lórí ìṣó ní ẹ̀yìnkùlé, àwo yẹn nìkan ni wọ́n fi ń nù, pẹ̀lú sípíríìtì. Kódà èmi tí mò ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ńlá, tí mo lè fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ohunkóhun, n kì í fọ aṣọ yẹn pọ̀ mọ́ tiwa.

Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, àfi Màmá.

Ìyá ọkọ mi ni Màmá. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó wá bá wa, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n orúnkún wọn kò tíì kọ àdúrà. Wọ́n ní ìgò kékeré kan tí òróró àdúrà wà nínú rẹ̀, òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí. Kò sí ohun tuntun tó wọ ilé wa tí kò gba tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ gbà á. Àga gbà á. Bàtà tí mo rà, wọ́n ní kí n gbé e wá. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Inú ìgbàgbọ́ yẹn ni wọ́n bí èmi náà sí, èmi ni mo ń mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn wa lọ́wọ́, tí mo ń ṣí i kí ẹnikẹ́ni tó dé. Bí mo bá ní iyèméjì, inú kọ́lọ́fín ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí èèyàn ṣe ń tọ́jú aṣọ tó ya.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ mi fi ẹsẹ̀ tuntun náà sí kẹ̀kẹ́. Ó yí wọn, ó fún bíréèkì, wọ́n dúró gírí. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, kó tó lọ wẹ̀, ó tún yí wọn, ó tún fún bíréèkì, wọ́n tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ti parí nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ padà sórí òkè láti ìgbà tí èjìká rẹ̀ ti jinná. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ kò sí nílé, òun nìkan ló ń lọ. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo sì rí i.

Mò ń rọ omi sínú ìgò rẹ̀ nígbà tí Màmá pè mí ní ẹ̀yìnkùlé. "Ìyàwó mi, wá ṣe Àmín. Wọn kì í gun ohun tuntun lọ sójú ewu lásán."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo di ojú mi. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi, bí wọ́n bá ti ní kí a gbàdúrà, ojú mi á pa dé fúnra rẹ̀. Màmá gbàdúrà fún ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n gbàdúrà fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n ní ohun tó gbé ọmọ àwọn ṣubú lọ́jọ́ sí kò ní gbé e ṣubú mọ́. Mo ṣe Àmín. Ọkọ mi tó ń wọ bàtà nínú yàrá náà ṣe Àmín láti inú lọ́hùn-ún. Ó jáde, ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ó mì í wò, ó tún mì í wò, ó lọ.

Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ sá aṣọ. Aṣọ funfun orí ìṣó ni mo kọ́kọ́ rí. Àbàwọ́n kan wà lára rẹ̀ tó rí bí omi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ mi ni. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sí imú.

Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń yá oòrùn.

"Màmá, ṣé ẹ fi aṣọ yìí nu ọwọ́?"

"Mo nu ọwọ́ mi, àbí kí n máa fi òróró kan ara ògiri?"

"Níbo lẹ fi òróró sí lára kẹ̀kẹ́?"

"Ibi tó yẹ ni. Àárín rẹ̀." Wọ́n fi ìka yí afẹ́fẹ́ po. "Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán yẹn. N kò ríran púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ń tàn sí mi lójú. Mo ní ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Mo fi yí i po dáadáa, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn."

Mo sọ aṣọ náà sílẹ̀.

Mo gbé fóònù, mo pè é. Kò lọ. Mo mọ̀ pé kò ní lọ, torí ó máa ń pa á kó tó kúrò nílé, kó má baà dún sí i lórí òkúta. Mo tún pè é. Mo wá ń ro ó lọ́kàn: mọ́tò ló gbé kẹ̀kẹ́ lọ, nítorí náà kò ní lo bíréèkì lójú títì. Yóò kọ́kọ́ gun òkè, ẹni tó ń gun òkè kì í lo bíréèkì. Ìgbà tó bá dorí òkè tó kọjú sí ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ nílò rẹ̀. Ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí mo fẹ́, ẹni tí mo mọ̀, kì í yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibì kan wà lójú ipa ẹsẹ̀ yẹn tí wọ́n ń pè ní Àtẹ̀gùn. Àpáta ló gbẹ́ ara rẹ̀ ní ìpele ìpele, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà lójijì, ohun tó sì wà níwájú ẹni tí kò bá lè ṣẹ́ kọ́nà náà ni ọ̀gbun. Ó mú mi lọ wò ó nígbà kan. N kò lè sún mọ́ etí rẹ̀.

Aládùúgbò wa kan ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Tíṣà là ń pè é. Ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìwọ bàtà. Mo sọ fún un bí mo ṣe lè sọ.

"Òróró àdúrà," ó ní, ó tún wò mí. "Lára bíréèkì."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ wọlé, ìyàwó wa. Tèmi ní bíréèkì méjì, ẹnì kan kò tíì fi òróró sí èyíkéyìí."

Màmá ti tẹ̀ lé mi jáde, wọ́n ti wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Èmi jókòó síwájú, níbi tí Tíṣà fúnra rẹ̀ máa ń jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wakọ̀, bíréèkì kejì sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ọkọ̀ akóyanrìn kan yọ sí wa. Ẹsẹ̀ mi tẹ nǹkan yẹn mọ́lẹ̀ kí n tó mọ̀. Ọkọ̀ dúró gbì láàárín títì, orí Màmá gbá ẹ̀yìn àga mi.

"Ìyàwó wa," Tíṣà rọra ní, "ẹ ká ẹsẹ̀ yín sókè. Ẹ ká a sórí àga. Bí ẹ bá ń bá mi wà á, a ò ní débẹ̀ lónìí."

Mo ká ẹsẹ̀ mi sórí àga bí ọmọdé. Títí a fi débẹ̀, ara mi ń wá nǹkan tí yóò tẹ̀.

Màmá ń gbàdúrà lẹ́yìn. Ohùn wọn kò gbọ̀n. Èmi náà fẹ́ gbàdúrà, ẹnu mi sì ṣí, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde kò jọ àdúrà tí mo mọ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé, "Olúwa, bó bá tilẹ̀ máa ṣubú, má jẹ́ kó jẹ́ òróró wa." Mo wí i títí kí n tó gbọ́ ara mi. Kì í ṣe ọkọ mi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìgbàgbọ́ mi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kó má baà kú. Mo dákẹ́. Mo wá ń bi ara mi pé ta ló gbọ́ àdúrà Màmá láàárọ̀ yẹn, bí ẹni náà bá sì gbọ́ ọ, ṣé kò rí ìka wọn ni?

Mọ́tò ọkọ mi wà lábẹ́ igi, òfìfo. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀, ó ní bóyá yóò gbọ́. Mo ní kó máa fọn ọ́n lọ, mo sì gba ipa ẹsẹ̀ gun òkè láti ìsàlẹ̀, mo fẹ́ pàdé rẹ̀ kó tó dé Àtẹ̀gùn. Bàtà Tíṣà ni mo wọ̀, ó ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Gbòǹgbò kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbálẹ̀. Mò ń pe orúkọ rẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pè mọ́. Fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn mi, ó ń jìnnà sí mi.

Mo dé ìsàlẹ̀ Àtẹ̀gùn. Kò sí ẹnì kankan. Mo fẹ́ wo inú ọ̀gbun, ọrùn mi kọ̀. Mo di igi kan mú, mo fi agídí yí orí mi, mo wò ó. Ewé ló wà níbẹ̀, àti òkúta, àti omi tó ń ṣàn lábẹ́. Kò sí kẹ̀kẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ lókè. Igbe ni, igbe gígùn tó tínínrín, bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha irin. Ó dákẹ́, ó tún ké. *Bíréèkì á máa ké, kò sì ní mú.* Ó ń bọ̀ wálẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo dúró sí àárín ọ̀nà, mo na ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni pé mo lè gbá ọkùnrin àti kẹ̀kẹ́ mú ní àyà. N kò mọ ohun tí mò ń rò. Bóyá mo rò pé ká jọ lọ.

Igbe náà ń sún mọ́ tòsí, ṣùgbọ́n kò yára. Mo dúró, mò ń retí. Kò yára rárá.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ iwájú ló kọ́kọ́ yọ lókè Àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí bàtà. Ọkọ mi ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fi ìdí tì í mọ́ ara àpáta kó má baà já lọ, ó fún bíréèkì méjèèjì pa, wọ́n ń ké, kẹ̀kẹ́ sì ń fà á lọ síbẹ̀síbẹ̀. Akoto wà lórí rẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ó ní. "Ta ló ń fọn fèrè bẹ́ẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí.

"Mo dókè," ó ní. "Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ padà gba ọ̀nà onígẹdú. Mo jókòó sórí òkúta, mo dìde, mo tún jókòó. Mo wá gun kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ mi kàn di mọ́ bíréèkì, kì í ṣe pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ẹ̀rù ló di ọwọ́ mi. Mo fún un pa, kẹ̀kẹ́ sì ń lọ."

"Ẹ sì bẹ́."

"Mo ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe bíbẹ́ tó ní láárí." Ó fọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀. "Mo gbọ́ òórùn òróró Màmá lára àwo. Mo mọ òórùn yẹn láti kékeré."

A jọ mú kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, èmi di ìjókòó mú, òun di iwájú mú, igbe náà ń bá wa lọ.

Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn ọkọ mi, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi wá ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀, àyà rẹ̀, bí ẹni ń yẹ ọmọ tuntun wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọlọ́run ló mú ọ rìn. Ta ló mọ ohun tó dábùú ọ̀nà dè ọ́? Bóyá igi. Bóyá ejò. Òróró yẹn ló dá ọ dúró."

Mo wo ọkọ mi. Mo fẹ́ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ ẹ gidigidi, torí ìgbàgbọ́ mi ì bá rí ibi jókòó.

"Mo fara balẹ̀ wo ọ̀nà bí mo ṣe ń rìn, Màmá," ó ní. "Kò sí igi, kò sí ejò. Ọ̀nà náà mọ́ tónítóní. N kò rí i kó mọ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún Màmá, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́.

Nílé, ọkọ mi tú páàdì bíréèkì méjèèjì, ó sọ wọ́n nù, torí páàdì tó bá ti mu òróró kò wúlò mọ́. Ó fi sípíríìtì nu àwo méjèèjì, ó tún nù wọ́n. Màmá jókòó sórí àpótí wọn, ìgò òróró wà lórí itan wọn, wọ́n dé e pa.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa ọ́?" wọ́n ní.

"Ẹ fẹ́ súre fún mi ni, Màmá."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Ó ń nu irin lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó lọ di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí ògiri.

Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rù kì í wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Mo ti ń gbàdúrà nípa ẹ̀rù ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ, kó lè kúrò. Ká ní Ọlọ́run ti gbọ́ ni, ọwọ́ ọkọ mi kì bá tí di mọ́ bíréèkì lókè yẹn. Ṣé Òun ló kọ̀ láti dá mi lóhùn nítorí ọjọ́ yẹn, àbí kò sí ẹni tó ń gbọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀rù lásán ló gba ọkùnrin kan là? Mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé ìjọsìn, èmi nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Àga nìkan ló wà níbẹ̀. Mo gbálẹ̀, mo ṣí fèrèsé.

Nígbà tí páàdì tuntun dé, ọkọ mi tún múra òkè. Màmá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọn kò pe ẹnikẹ́ni, wọn kò sì mú ìgò jáde. Òun ló lọ bá wọn. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀ ba.

"Orí ni kí ẹ fi sí, Màmá. Orí kò ní bíréèkì."

Màmá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi òróró sí i lórí, wọ́n gbàdúrà, ohùn wọn gbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Mo ṣe Àmín. Ojú mi là sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń wo ìka wọn.

Wọ́n ní kí n mú ọṣẹ wá. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn títí dé ìgúnpá. Ọkọ mi dìde, ó yí ẹsẹ̀ ńlá, ó yí ẹsẹ̀ kékeré, ó fún bíréèkì, wọ́n dúró. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀yìn mọ́tò, ó dúró, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè, ó sì tún fún un lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó lọ. Mo sá aṣọ, mo ká a, mo tún sá a. Fóònù mi wà nínú àpò. Mo mọ̀ pé kò ní dún, mo sì ń fọwọ́ kàn án.